Iṣu Mẹ́ta Tó Kù ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu

Lọ́dọọdún, kí òjò tó mulẹ̀ dáadáa, bọ́ọ̀sì funfun kan máa ń jáde láti yunifásítì, á sì máa ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn ní àríwá Èkìtì, láti Ọ̀yẹ́ dé Ìkọ̀lé, títí kan agbègbè Ìdó. Àwọn olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ló máa ń wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń wá fi ohun tí wọ́n rí nínú oko ìdánrawò wọn han àwọn àgbẹ̀. Ìròyìn ni iṣẹ́ mi, nítorí náà èmi náà máa ń bá wọn lọ. Tẹ́lẹ̀, màá ya fọ́tò, màá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn méjì, màá sì padà sílé kí oúnjẹ ọ̀sán mi tó tutù. Ọdún tí a lọ sí Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ni mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Obìnrin àgbà kan ló gbà wá sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ó ti tẹ́ ẹní, ó sì to iṣu mẹ́ta lé e lórí bí ìgbà tí èèyàn tẹ́ ọmọ sùn.

“Uṣu yèyé mi rèé,” ló wí. “Ìgbà tí wọ́n gbé e wá ulé ọkọ ló rù ú wá. Ọ̀dá mú un lọ́dún tó kọjá àti èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ìyókù jẹrà ní àká. Èyí tó kù nìyí.”

Mo bi í bóyá ẹlòmíràn ní irú rẹ̀.

“Mo ti bèèrè títí dé Òkè-Àkò. Wọn ò ní.”

Olùkọ́ tó ṣáájú ikọ̀ náà, obìnrin ọmọ Ìdó kan, kúnlẹ̀ tì í. “Màmá, bí ẹ bá gbin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta báyìí, tí ọ̀dá tún dé, ó parí nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká gé wọn wẹ́wẹ́, kí èèpo ṣáà wà lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan. A ó fi eérú pa ojú ọgbẹ́ wọn, a ó rì wọ́n sínú lẹ́búlẹ́bú pákó tútù. Wọn á hù. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan á di èbù tí ẹ ó gbìn.”

Wọ́n máa ń gé èbù níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í gé e kéré tó bẹ́ẹ̀. Bàbá kan tí oko rẹ̀ bá ti obìnrin náà pààlà wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń wo ọ̀bẹ olùkọ́.

“Ẹ̀yin yunifásítì,” ló wí, “ṣé kí n lọ gbé epo pupa wá? Àsáró ni mo mọ irú gígé yìí sí.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Gé e. Má ṣáà jẹ́ kí n rí i.” Ó sì kọjú sí ògiri títí ọ̀bẹ fi dákẹ́.

Iṣu náà kún abọ́ ńlá kan, ìyókù sì wọ abọ́ kékeré, tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò. Eérú ṣì wà nínú bọ́ọ̀sì. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ gan-an, a ní láti lọ kí àwọn àgbà ìlú ní gbọ̀ngàn, kí a sì gbàdúrà. Àdúrà ọ̀hún gùn. Bí àlùfáà Áńgílíkà ti parí ni lèmọ́ọ̀mù bọ́ sí i, kò sì sí èyí tó fẹ́ kí tirẹ̀ kúrú ju ti èkejì lọ.

Bí a ti ń padà bọ̀ ni òórùn epo àti ẹja gbígbẹ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyàwó ọmọ Màmá, tó ń ránṣọ ní Ìkọ̀lé, ti dé nígbà tí a wà ní gbọ̀ngàn. Ó kúnlẹ̀ kí wa tẹ̀ríntẹ̀rín. “Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin olùkọ́. Oúnjẹ ti jinná. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, ta ló ń gé iṣu tán kó tó máa wá bẹ ẹ́? Ọwọ́ ló ń ro mí báyìí.”

Bàbá orí àpótí ṣí fìlà rẹ̀, ó dì í mú lọ́wọ́.

“Kí ló dé?” ni ìyàwó bèèrè.

“Abọ́ wo lo mú?” ni Màmá bi í.

“Èyí tó kún, Màámi. Ìkòkò ò gba èkejì.”

Màmá lọ síbi abọ́ kékeré, ó ká ewé kúrò lórí rẹ̀. Ìwọ̀nba tó wà níbẹ̀ kò tó iṣu kan odidi. Olùkọ́ wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ìyàwó náà ní ohùn jẹ́jẹ́. Kò tíì parí rẹ̀ tí orúnkún ìyàwó fi kanlẹ̀, omi ti ń dà lójú rẹ̀.

“Dìde,” ni Màmá wí. “Bu oúnjẹ fún àwọn àlejò. Bu tèmi náà.”

A jẹun. Màmá ń rọra jẹ tirẹ̀, ó ń wo ọ̀nà oko. Nígbà tó yá, ó ní, “Láti ìgbà tí ọ̀dá ti bẹ̀rẹ̀, n ò fẹnu kàn án. Mo ń pa á mọ́ fún èbù. Ó ṣì dùn bó ṣe ń dùn.”

Ìgbà wo lèèyàn jẹ oúnjẹ tó lè jẹ́ ìkẹyìn irú rẹ̀ láyé? Mo jẹ tèmi tán, ọkàn mi kò sì balẹ̀ títí tí mo fi délé.

Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n fi eérú pa àwọn tó kù lára, wọ́n rì wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n kó wá láti sọ́mìlì, wọ́n sì gbé e sábẹ́ igi máńgòrò. Ìyàwó ní òun lòun á máa wọ́n omi sí i. Bàbá ní, “Omi nìkan o. Má fi iyọ̀ sí i.” Màmá fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí èyí.

Nígbà tí olùkọ́ ń padà lọ wò wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sí ìròyìn tí ọ̀gá mi rán mi lọ kọ. Mo bá a lọ. Màmá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan apẹ̀rẹ̀ àfi ìyàwó. Ìyàwó fi ìka tú lẹ́búlẹ́bú náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ nínú aṣọ. Ó yọ ẹyọ kan, ó tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìdajì ọṣẹ ìfọṣọ lọ. Kò ní orí, kò ní ìdí. Àárín iṣu lásán ni. Síbẹ̀ ojú ti là lára èèpo rẹ̀, ó yọ sókè ní àwọ̀ àlùkò, gbòǹgbò funfun tó tín-ín-rín bí òwú ti yí i ká. Ìyàwó yọ òmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó yọ òmíràn.

“Ṣé ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé orí rẹ̀ ò sí níbẹ̀ ni?” ni Bàbá wí. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn bí ẹni tó wà níwájú ọba. Èmi tí mo ti ròyìn àwọn afárá tí gómìnà ṣí, tí mo ti ka owó wọn fún aráyé, n kò rí ohun tí mo lè kọ sílẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, wọ́n pè wá sí oko, níbi tí wọ́n ti ń wa iṣu náà. Àwọn ebè tí wọ́n gbin àwọn èbù náà sí kéré, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ṣófo. Ohun tó jáde lábẹ́ wọn kún ẹní kan náà tí iṣu mẹ́ta ti sùn lé, ó sì kún òmíràn. Bàbá bèèrè bóyá òun lè rí díẹ̀ gbìn. Màmá ní kó mú abọ́ wá, kó sì fi epo pupa tirẹ̀ sílẹ̀ nílé.

Lẹ́yìn náà, ó ṣa èyí tó tóbi jù níbẹ̀, tó ju ìkúùkù méjì lọ díẹ̀, ó nà án sí ìyàwó ọmọ rẹ̀.

“Bẹ ẹ́,” ló wí. “Àwọn àlejò ò tíì jẹun.”

Ìyàwó gba iṣu, ó mú ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ dúró lórí èèpo, kò wọlé.

“Màámi, ṣé ó dá yín lójú?”

“Bẹ ẹ́ kóo tó gé e o,” ni Màmá dá a lóhùn, ó sì lọ koná.