Ọjọ́ Tí Wọ́n Fi Áńkù Ọmọ Mi Ṣe Pàṣípààrọ̀

Mo wà nínú ọkọ̀, lórí ìlà àwọn òbí tó wá gbé ọmọ níléèwé, nígbà tí ìròyìn náà dé. Ìlà yẹn kì í tètè rìn. Ó ti mọ́ mi lára láti máa mú ìpékeré dání, kí n bọ́ bàtà iṣẹ́ sílẹ̀, kí n na ẹsẹ̀ tó ti ń ro mí láti òwúrọ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe ní ìlú Mansfield, ní ìpínlẹ̀ Texas níbí, ìdúró ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ìpékeré ṣì wà lẹ́nu mi tí fóònù fi dún. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi, èyí tó ń gbé ní ìlú Allen ní Texas níbí kan náà, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ló fi ohùn ránṣẹ́. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde kí ọ̀rọ̀ tó jáde.

"Ìyàwó wa, o kú ìrọ́jú o. Wọ́n ti fi ọkùnrin yín ṣe pàṣípààrọ̀! Ó ti di ará ìlú òtútù. Sọ fún ọkọ ẹ kó wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi, ṣebí mo ti wí tẹ́lẹ̀."

Mi ò lè gbé ìpékeré ẹnu mi mì. Ọkọ̀ iwájú mi sún, èmi ò sún. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi fọn fèrè. Nǹkan kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi: ilẹ̀kùn iléèwé yẹn máa ṣí láìpẹ́, ọmọ mi obìnrin máa sáré jáde, èmi ni mo sì máa sọ fún un. Bí mo bá sọ ọ́ tán, ṣé ọmọ yìí tún máa la ẹnu ẹ̀ lójú èèyàn mọ́?

Èmi ni mo kọ́kọ́ wá sí Amẹ́ríkà. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo fi í sí, kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa nígbà yẹn. Ó ti ń ka ìwé kí ìwé ìgbélùú tiẹ̀ tó jáde, kó tó wá bá wa. Nínú ilé, ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́. Á bá síbí sọ̀rọ̀, á bá bàtà sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti jáde ní ẹnu ọ̀nà apátímẹ́ǹtì wa ní Duncanville, ó parí nìyẹn. Olùkọ́ ẹ̀ níléèwé kò mọ bí ohùn ẹ̀ ṣe rí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí àgbà bá kí i, á kúnlẹ̀ dáadáa, á wolẹ̀, kò ní dáhùn. Àwọn kan ní ìgbéraga ni. Àwọn kan ní kí n mú un wá fún ìtúsílẹ̀. Èmi mọ̀ pé ọmọ tó fi ìyá àgbà ẹ̀ sílẹ̀ tó wá bá ìyá kan tó dà bí àlejò ni. Mò ń fà á mọ́ra, mò ń dúró dè é.

Ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ìyá tí mò ń tọ́jú ló fún wa ní tíkẹ́ẹ̀tì béésìbọ́ọ̀lù. Kò sí ẹni tó mọ eré yẹn nínú wa. Ọkọ mi ní wọ́n kàn ń fi igi lu bọ́ọ̀lù ni, wọ́n á sì máa sá yípo. Ooru mú, mo ti ń rò ó pé kí la tiẹ̀ wá ṣe níbí. Àfi bí wọ́n ṣe lu bọ́ọ̀lù kan lọ sókè réré, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó ń ṣọ́ béèsì kejì, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ibùdó tí wọ́n ń sá yípo dé, sáré lọ sábẹ́ ẹ̀, ó tẹ́wọ́, bọ́ọ̀lù kó sínú ìbọ̀wọ́ ẹ̀, ó tún bọ́ síta, ó wá balẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ ẹ̀. Gbogbo pápá hó lé e lórí. Ọkùnrin náà mú bọ́ọ̀lù yẹn nílẹ̀, ó na ìka sí i bí ẹni ń bá aláìgbọràn ọmọ wí, ó sì ń fi ara ẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ọmọ mi dìde lórí ìjókòó. Ó pariwo ní Yorùbá, láàárín gbogbo èrò yẹn: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o! Ẹ má sunkún o!"

Èmi àti ọkọ mi wojú ara wa.

Nígbà tó yá ó béèrè orúkọ ọkùnrin náà, bàbá ẹ̀ sì kà á fún un lẹ́yìn aṣọ. Bó ṣe ń pè é ní ṣàkó ni mo ní, "Rárá o. Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni? Wo irùngbọ̀n ẹ̀. Áńkù lo máa fi síwájú." Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò yí i padà. Láti ọjọ́ náà ló ti di Áńkù nílé wa. Nígbà tó yá, orúkọ gan-an já, Áńkù nìkan ló kù. "Áńkù máa gbá bọ́ọ̀lù lónìí." "Orúnkún ń dun Áńkù." Bí mo bá ń se ọbẹ̀, ohùn ọmọ mi ni mo máa ń gbọ́ níwájú tẹlifíṣọ̀n, tó ń kí i pé ẹ kú iṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n parí eré ọdún yẹn, mo rò pé ọ̀rọ̀ béésìbọ́ọ̀lù ti sùn. Mi ò mọ̀ pé ìgbà tí wọn ò gbá a gan-an ni ariwo ẹ̀ pọ̀ jù. Ìgbà yẹn ni àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ máa ń jókòó yẹ àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn wò: ta ni kó dúró, ta ni kó máa lọ, ta ni wọ́n lè fi gba ẹlòmíràn lọ́wọ́ ìlú mìíràn. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ á sì máa jà sí i bíi pé àwọn ni wọ́n fẹ́ buwọ́ lù ú. Ọkọ mi àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ yìí wà lára wọn. Bí a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á dúró láàárín àwọn ọkọ̀, wọ́n á ti ọwọ́ bọ àpò kóòtù.

"Kó máa lọ jàre," ọ̀rẹ́ ẹ̀ á wí. "Orúnkún ti tán. Kó tó bẹ̀rẹ̀ mú bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù ti dé Oklahoma."

"Ìwọ tí o máa ń dúró mí lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, ìwọ lò ń sọ̀rọ̀ orúnkún?"

"Kò sẹ́ni tó fi èmi ṣọ́ béèsì kankan. Ẹni tó máa ju bọ́ọ̀lù sí àwọn onígi la ò ní. Kí lẹgbẹ́ tí kò lẹ́ni tó lè ju bọ́ọ̀lù fẹ́ fi bàbá arúgbó ṣe?"

"Òun ló ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ níṣẹ́. Bó bá lọ, ta ló máa dúró tì wọ́n?" Ọkọ mi á wá kọjú sí mi. "Ìyàwó mi, gbọ́ o, ó pe Áńkù ní bàbá arúgbó!"

"Ẹ̀yin méjèèjì," èmi á ní, "ìrẹsì ti tutù nínú ọkọ̀ o."

A máa ń rẹ́rìn-ín sí i. A ò rántí pé a ti sọ gíláàsì ọkọ̀ kalẹ̀, tí ọmọ sì ń gbọ́. Bí a ṣe ń lọ sílé lọ́jọ́ kan, ó ní, "Mọ́mì, ṣé wọ́n fẹ́ lé Áńkù lọ ni?" Òyìnbó ló fi máa ń dá mi lóhùn, àfi bí ẹ̀rù bá bà á, Yorùbá ìyá mi á wá padà sẹ́nu ẹ̀.

"Wọn ò tíì pinnu."

"Ta ló ń pinnu?"

"Àwọn ọ̀gá ni."

"Ṣé wọ́n á bi í bóyá ó fẹ́ lọ?"

"Wọn kì í bi wọ́n, ọmọ mi. Bí iṣẹ́ wọn ṣe rí nìyẹn."

Mo wò ó nínú dígí, ó ń wo ẹ̀yìn orí mi. Mo mọ ohun tó ń rò. Òun náà, kò sẹ́ni tó bi í.

Ọ̀rọ̀ yìí lọ jìnnà ju bí mo ṣe rò lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ti ibi iṣẹ́ gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ fún ìpàdé àdúrà àwọn obìnrin. Mo bá wọn lórí ìdúró, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan ń ké pé, "Olúwa, má jẹ́ kí wọ́n lé e kúrò ní Texas! Ìwé tí wọ́n fẹ́ fi lé e, jẹ́ kó sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́!" Mo mọ bó ṣe ń rí kéèyàn máa retí ìwé ìgbélùú ní ilẹ̀ yìí. Mi ò béèrè ti ta ni. Mo ju báàgì sílẹ̀, mo ṣe àmín kíkan kíkan.

Nígbà tí a parí, ìyá tó jẹ́ olórí wa di ọwọ́ mi mú. "Ọmọ mi, o ò ṣe sọ fún wa? Ṣé àbúrò ọkọ ẹ ni àbí tìẹ?"

"Ta ni, Mà?"

"Áńkù tí wọ́n fẹ́ lé lọ. Ọmọ ẹ ló dìde ní kíláàsì àwọn ọmọdé lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ní ká bá òun gbàdúrà fún un. Ó ní wọn ò tiẹ̀ ní bi í bóyá ó fẹ́ lọ. Olùkọ́ wọn sunkún wá bá mi. Láti àná la ti wà nínú ààwẹ̀."

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Agbábọ́ọ̀lù ni. Ti béésìbọ́ọ̀lù. Kò bá wa tan rárá. Èmi ni mo ní kó máa pè é ní Áńkù."

Obìnrin kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. "Yéè! Èmi ni mo febi pa ara mi nítorí òyìnbó tó ń sáré kiri pápá!"

"Ìwé ìgbélùú ẹ̀ sì pé ju tìẹ lọ," ẹlòmíràn dá a lóhùn.

Ìyá wa kò rẹ́rìn-ín. "Dìde," ó sọ fún mi. "Ọmọ yẹn sọ̀rọ̀ àbí kò sọ̀rọ̀?"

"Ó sọ̀rọ̀, Mà."

"Lójú èèyàn?"

Ìgbà yẹn ni omi bọ́ lójú mi. Ojú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo ti ń fi wò ó, mi ò tíì rò ó débẹ̀.

"Áńkù ẹ̀ ni nígbà náà," ìyá wa wí. "A ò tíì parí ààwẹ̀ wa. Ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ."

Bó ṣe di pé ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, àwọn ìyá wọ̀nyí á yí ọmọ mi ká nìyẹn. "Áńkù wa ńkọ́?" Á ní, "Wọn ò tíì lé e." Ohùn ẹ̀ kò ròkè, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbọ́. "Orúnkún ńkọ́?" Á ṣàlàyé fún wọn. Ó kọ́ ìyá wa bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ béèsì kejì, ó fi àga dúró fún béèsì. Olùkọ́ ẹ̀ níléèwé pè mí láti sọ pé ó ka ìwé sókè ní kíláàsì. Ohun tí ohùn tí ọ̀rẹ́ ọkọ mi fi ránṣẹ́ yẹn lè bàjẹ́ nìyẹn, tóun fúnra ẹ̀ kò mọ̀.

Ilẹ̀kùn iléèwé ṣí lọ́jọ́ ìròyìn náà. Ó sáré wọ ọkọ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ìta. Mi ò lè gbé ìròyìn náà dé ilé bẹ́ẹ̀. Mo yà sí ẹ̀gbẹ́ ilé epo kan, mo bọ́ sẹ́yìn lọ́dọ̀ ẹ̀.

"Áńkù ń lọ. Wọ́n ti fi í gba ẹnì kan tó ń ju bọ́ọ̀lù."

Kò sunkún. "Ṣé wọ́n bi í?"

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀."

Ó yí ojú sí gíláàsì. Ẹnu pa dé.

Ẹnu yẹn kò ṣí nílé pàápàá, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Bàbá ẹ̀ ṣe gbogbo àwàdà tó mọ̀. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ gbọ́, ó wakọ̀ láti Allen wá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ọmọ. "Mo jẹ̀bi," ó wí. "Ẹnu lásán ni mò ń yà. Orúnkún tèmi gan-an ti tán, wò ó." Ó gbìyànjú láti dìde láìfọwọ́ ti nǹkan kan, ó ṣubú sórí àga. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín díẹ̀, láìsí ohùn nínú ẹ̀. Ọkùnrin náà wò mí, ojú ẹ̀ pọ́n. Kò tún sọ ọ̀rọ̀ pé òun ti wí tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi dé. A gúnlẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá ẹ̀ wọlé ṣáájú. Ọmọ mi kò tú bẹ́líìtì. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí gíláàsì fi dí fún èémí wa. Nígbà tó yá ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, sínú ọrùn aṣọ ẹ̀: "Wọ́n gbààwẹ̀. Mo bẹ Ọlọ́run lójú gbogbo èèyàn. Kí ni mo fẹ́ lọ sọ fún wọn?"

Mo mú ọwọ́ ẹ̀, ó tutù. Mo ní, "Mi ò ní parọ́ fún ẹ. Mi ò mọ ìdí tí kò fi rí bí o ṣe fẹ́. Èmi náà bẹ Ọlọ́run rí pé kí èmi pẹ̀lú ẹ jọ wọ bàlúù kan náà, kò rí bẹ́ẹ̀. Mo bínú, mo sì sọ fún Un pé mò ń bínú. Bí inú bá ń bí ẹ, sọ ọ́. Sọ fún Un, sọ fún mi, sọ fún àwọn ìyá tó wà nínú ilé yẹn, torí inú ń bí àwọn náà, ebi pa wọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kó o gbé e mì. Kò sẹ́ni tó bi ẹ́ nígbà tí a mú ẹ kúrò lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Èmi ń bi ẹ́ báyìí: ṣé ká wọlé ni, àbí ká padà sílé? Èyí tó o bá sọ la máa ṣe. Ṣùgbọ́n fẹnu ẹ sọ ọ́, ọmọ mi. Mò ń gbọ́."