Yorùbá Tí Mo Gbé Mì

Angwan Rogo ni wọ́n bí mi sí, ní Jos. Yorùbá ni màámi ń bá mi sọ nínú ilé, Haúsá ni mo fi ń dá a lóhùn, a sì gbọ́ra wa yé. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó mú mi lọ sí ìpàdé àwọn ará ìlú wa. Mo kí bàbá tó jẹ́ alága, mo ní, "Ṣé o wà dáadáa?" Bàbá náà wò mí tìtì. "Ta ló bí eléyìí?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Màámi tẹrí ba. Láti ọjọ́ náà, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ Yorùbá lẹ́nu mi mọ́. Ogún ọdún gbáko.

Nígbà tó yá, rọpárọsẹ̀ kọlu màámi. Ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, Haúsá tó ti fi ń tajà láti ìgbà ọmọge sì pòórá lórí rẹ̀. Yorùbá nìkan ló kù. Bí mo ṣe wọlé, ó ní, "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, màámi." Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti àwọn ìbátan wa láti Anglo Jos yí bẹ́ẹ̀dì ká, mo sì mọ̀ pé wọn yóò sín mi jẹ. Mo fi Haúsá dá a lóhùn: "Ni ne, Mama."

Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Kí ló wí?" Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó mirí, ṣùgbọ́n kò jọ pé ó mọ̀ mí.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ń lọ tí mo ń bọ̀. Mo ń rò ó pé tí wọ́n bá lè jáde díẹ̀, n ó bá a sọ̀rọ̀. Wọn kò jáde. Ó kú ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan.

Lẹ́yìn tí a sin ín, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ tù mí nínú. Ó ní, "Ìyá rẹ máa ń sọ̀rọ̀ rẹ. Ó ní ọkùnrin tó ń wá kí òun yẹn níwà, ó ní ọmọ ta ni."

Ní àdúà ọjọ́ kẹjọ, ààfáà ní kí ọmọ olóògbé sọ̀rọ̀. Ìbátan mi kan ní òun á bá mi sọ ọ́. Mo ní rárá. Mo dìde, mo sọ Yorùbá wúruwùru tí mo ní. Mo ń ṣi ohùn pè, mo tún fi "o" pe àgbà. Àwọn kan ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Mo rí wọn, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹ̀rù náà ti tán lára mi, n kò sì yọ̀.

Ní báyìí, ibi gbogbo ni mo ti ń sọ ọ́. Bí wọ́n bá fi mí ṣẹ̀sín, mo ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Bí wọ́n bá yìn mí, bákan náà ni. Kò sí èyí tó lè dá ọ̀sẹ̀ méjì yẹn padà.