Ẹ̀kọ́ Kìíní, Ìgbà Kẹrin

Ọdún mọ́kànlá ni ìyá alágbàfọ̀ fi fọ aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn nínú iyàrá gbígbóná tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ ni o, èébì ni o, kò sí èyí tí kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ kan, àwọn ọ̀gá gbé ẹ̀rọ ìfọṣọ tuntun dé. Wọ́n ní ẹni tí yóò máa lò ó gbọ́dọ̀ lè fi Gẹ̀ẹ́sì sọ iṣẹ́ tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fún àwọn alágbàfọ̀. Ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò, kó máa lọ sílé.

Ẹ̀rù kò kọ́kọ́ bà á. Ọdún kan ààbọ̀ ló ti ń lọ sí kíláàsì ọ̀fẹ́ tí àwọn míṣọ́nnárì òkè òkun ń ṣe ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Méjì méjì ni wọ́n máa ń wá, ọ̀dọ́ tó ń rẹ́rìn-ín. Bí oṣù mẹ́fà bá pé, wọn a padà sílé, méjì mìíràn a dé, wọn a sì ṣí ìwé kan náà sí ojú ewé kìíní. Àdúrà a gba ìdajì wákàtí, orin a gba ìdajì, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni Gẹ̀ẹ́sì: ìkíni, orúkọ, oókan dé ogún, àwọ̀.

Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, kì í jẹ́ kó gbádùn.

“Ìyá wọn, ọdún kan ààbọ̀ lẹ ti ń kí ara yín káàárọ̀ níbẹ̀. Ìgbà wo ni ọ̀sán máa pọ́n?”

“Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, Bàbá wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ò kí ẹnikẹ́ni ńkọ́?”

Akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò sì gbọ́dọ̀ sọ pé òun ti kọ́ ọ rí. Nígbà tí àwọn olùkọ́ kejì dé, wọ́n bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ta ló ti mọ díẹ̀. Kápíńtà kan láàárín wọn nawọ́ tayọ̀tayọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí, wọ́n sì fi ìjókòó rẹ̀ fún ẹlòmíràn, torí èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sí kíláàsì kejì. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti béèrè, gbogbo wọn a káwọ́ sórí itan bí adìẹ tí òjò pa.

Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún nígbà tí àwọn olùkọ́ kẹrin dé. Ìyá alágbàfọ̀ ti yọjú wo ẹ̀yìn ìwé náà: àwòrán ẹ̀rọ wà lójú ewé ogójì.

Kápíńtà pàdé rẹ̀ lójú títì. “Màmá, ẹ má nawọ́ o. Tèmi ń bẹ lára ògiri, kò tíì bá mi la pákó kan.”

“Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.”

Ó nawọ́. Ó ní kí ògbifọ̀ kíláàsì bá òun bẹ̀ wọ́n, ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ lòun fẹ́, iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun. Ògbifọ̀ sọ ọ́. Inú àwọn olùkọ́ dùn gan-an. Wọ́n dì mọ́ ọn, wọ́n yà á ní fọ́tò, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ẹ̀rí. Obìnrin kan tó pọnmọ sẹ́yìn ti jókòó sí àyè rẹ̀ kó tó délẹ̀kùn. Àwọn olùkọ́ náà kì í ṣe ènìyàn búburú. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti le.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ọ̀gá mú un dúró níwájú ẹ̀rọ. Ìyá alágbàfọ̀ kí i dáadáa. Ó sọ orúkọ rẹ̀. Ó ka bọ́tìnnì náà ní Gẹ̀ẹ́sì, láti oókan dé ẹ̀sán, ó sì sọ àwọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ṣi ìkankan. Ọ̀gá tọ́ka sí èyí tó pupa, ó béèrè ohun tó ń ṣe. Ìyá tún sọ àwọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá dúró dè é. Omi ti tán lẹ́yìn ẹja.

Nírọ̀lẹ́, ọkọ rẹ̀ rí ìwé ẹ̀rí náà lórí tábìlì.

“Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?”

Ó fi ìka sí àárín ìwé. “Orúkọ mi nìyí.”

“Ìyókù ńkọ́?”

Ọkọ rẹ̀ kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ìyá alágbàfọ̀ fa ìwé náà sọ́dọ̀, ó ṣẹ́ ẹ bí aṣọ ibùsùn, etí pàdé etí, ìgbà mẹ́rin, títí kò fi ṣeé ṣẹ́ mọ́.