Ẹni Tó Dọ̀bálẹ̀ Nínú Bọ́tìnnì Kẹrin

Jẹ̀lílì tó ń ya fídíò ní Òsì ní òfin kan tí kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé lórí: orí ni kí á tọ́jú. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń gbé kámẹ́rà kiri Òsì, Ìlọ́fà, Ìdòfin àti Òkè-Òpin, tó ń ya ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti ìdúpẹ́. Ó ṣì ń ṣe wọ́n sí DVD fún àwọn àgbà tí kò fẹ́ máa wo nǹkan nínú fóònù. Kí fídíò tó bẹ̀rẹ̀, bọ́tìnnì mẹ́fà á kọ́kọ́ jáde lójú tẹlifíṣàn, méjì-méjì ní ìlà mẹ́ta, àwòrán kékeré kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò mọ̀wé á fi rìmóòtù yan àwòrán tó wù ú, á tẹ̀ ẹ́, fídíò á sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Àwọn bọ́tìnnì yìí fẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ga. Kọ̀ǹpútà ló máa ń gé àwòrán kó lè wọ inú wọn, á gé díẹ̀ lókè, á gé díẹ̀ nísàlẹ̀. Tẹ́lẹ̀, gèlè àwọn ìyá ló máa ń bá a lọ. Ìyá ìyàwó kan ní Òkè-Òpin dá DVD padà nítorí pé wọ́n gé e dé iwájú orí. Ó ní òun kò tíì ṣẹ ẹnikẹ́ni tí wọ́n fi ń bẹ́ òun lórí. Láti ọjọ́ náà ni Jẹ̀lílì ti ṣètò ẹ̀rọ rẹ̀ pé kó di òkè mú, kó máa gé ìsàlẹ̀ nìkan. "Ẹsẹ̀ ò ní orúkọ," ló máa ń wí. Ìgbéraga wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n fún ọdún mẹ́jọ gbáko, ẹnikẹ́ni ò ráhùn.

Ìdúpẹ́ ọgọ́rin ọdún Bàbá Ilésanmí ní Ìlọ́fà ló já a kulẹ̀.

Bàbá yìí, àgbẹ̀ ni, alàgbà sì ni nínú ìjọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kejì, Adémọ́lá, fẹ́ Saadat ní Ìlọrin, ó sì di Mùsùlùmí. Ọdún mẹ́sàn-án ni Bàbá kò fi bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìdúpẹ́, Adémọ́lá dé láìròtẹ́lẹ̀, ó rin àárín ṣọ́ọ̀ṣì kọjá, ó sì nà gbalaja níwájú bàbá rẹ̀. Àwọn aáfà tó ń bá rìn ní Ìlọrin gbà pé Ọlọ́run nìkan là ń forí balẹ̀ fún. Àyà ọkùnrin náà ò ṣàdédé kanlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Jẹ̀lílì tí òun náà ń kírun mọ ohun tó ń wò, kò sì gbé kámẹ́rà kúrò lára wọn. Bàbá na ọwọ́ sórí ọmọ rẹ̀, ó súre fún un.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, DVD jáde, ọ̀kan sì lọ sí Ìlọrin. Ní Ọjọ́rú, Damaris, àbúrò Adémọ́lá, tó jẹ́ tíṣà ní Odò-Ọwá, wọ ṣọ́ọ̀bù Jẹ̀lílì tòun ti ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Tíṣà, ẹ káàbọ̀. Ọ̀nà yín yẹn ò ṣeé rìn lójò."

"Bọ̀dá Jẹ̀lílì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bọ́tìnnì kẹrin hàn mí."

Ó fi hàn án. Bàbá Ilésanmí nìkan ló dúró nínú rẹ̀, fìlà rẹ̀ pé, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì nà bí ẹni tó ń súre fún sìmẹ́ńtì.

"Bọ̀dá mi dà?" ni Damaris bi í.

Jẹ̀lílì wò ó títí. Ẹ̀rọ ti di òkè mú gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ́ ọ, ó sì ti gé ẹni tó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ dànù.

"Ó rò pé Bọ̀dá Japhet ló ní kí ẹ yọ òun," ni Damaris wí. Japhet ni àkọ́bí, òun ló gbé iṣẹ́ náà fún Jẹ̀lílì. "Sátidé yìí ló yẹ kó kó Saadat àtàwọn ọmọ wá, kí Bàbá rí wọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ti ní òun ò wá mọ́."

"Ó wà nínú fídíò yẹn pérépéré. Ká ní ó tẹ̀ ẹ́ ni."

"Ta ló máa wọ ilé tí wọ́n ti lé e lẹ́nu ọ̀nà?"

Ojú ti Jẹ̀lílì, ojú tì í gan-an. Ó tan jẹnẹrétọ̀, ó sì ṣí iṣẹ́ náà padà. Ó kọ́kọ́ fún àwòrán náà pọ̀ kó lè wọlé. Bàbá wá fẹ̀ jù, ó kúrú bí odó. Ó dín in kù, dúdú jáde lápá ọ̀tún àti òsì. Damaris ní ó jọ ìkéde òkú. Ó wá ibi tí Adémọ́lá ti dìde tó dúró ti bàbá rẹ̀. Ìyẹn wọ bọ́tìnnì wẹ́kú, ó sì dára lójú. Damaris ní kí àwọn bi Bàbá léèrè ná, ó sì pè é, ó ro ẹjọ́ náà fún un.

"Jẹ̀lílì," ni Bàbá wí lórí fóònù, "ṣé ẹ̀rọ rẹ ò rí ọmọ mi nílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni?"

"Ó rí i, Bàbá."

"Jẹ́ kó wà nílẹ̀ nígbà náà. Ibẹ̀ ló gbà wọ ulé."

Ni Jẹ̀lílì bá fa bọ́tìnnì kẹrin gùn sísàlẹ̀, títí tó fi gba àyè bọ́tìnnì kẹfà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwòrán Japhet níbi tó ti ń gé àkàrà òyìnbó ló wà níbẹ̀. Ó kó Japhet lọ sí ojú ìwé kejì. Japhet á bínú, ṣùgbọ́n Japhet ò kúrò nílé rí. Damaris fi fóònù ya ojú kọ̀ǹpútà náà, ó fi ránṣẹ́ sí Ìlọrin. Adémọ́lá rí i, kò sì fèsì.

Nígbà tó di Sátidé, Jẹ̀lílì fúnra rẹ̀ gbé DVD tuntun lọ sí Ìlọ́fà lórí ọ̀kadà rẹ̀. Bàbá ní kó fi sínú ẹ̀rọ, àwọn bọ́tìnnì sì jáde. Bàbá kò tẹ ìkankan, ó kàn gbé rìmóòtù lé itan, ó ń wo ojú ọ̀nà. Ọ̀sán pọ́n. Jẹ̀lílì lọ kírun lẹ́yìn ilé, ó padà wá jókòó, wọn ò tíì rí ẹnì kankan. Ó ń wá ọ̀nà tó máa gbà tọrọ àforíjì nígbà tí mọ́tò kan dúró níta.

Adémọ́lá ló kọ́kọ́ yọ lẹ́nu ọ̀nà, Saadat àti ọmọ méjì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú rẹ̀ lọ sí tẹlifíṣàn. Òun rèé nílẹ̀, látorí dé gìgísẹ̀, ọwọ́ bàbá rẹ̀ lórí rẹ̀. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí bàbá rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú láti dọ̀bálẹ̀. Saadat gbé ojú kúrò.

Bàbá ti gbá a léjìká mú kí àyà rẹ̀ tó kanlẹ̀.

"Má dọ̀bálẹ̀ mọ́," ló wí. Ó fi rìmóòtù tọ́ka sí bọ́tìnnì kẹrin. "Tibẹ̀ yẹn tó mi. Kó àwọn ọmọ wọ ulé."

Jẹ̀lílì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n lè kọjá.