Ìwẹ̀ Ìgbà Ọyẹ́

Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Màámi, ìyá ọkọ mi, burú, ẹ sọ fún un pé irọ́ ló pa. Èmi nìkan ni mo lè bínú sí wọn, n ò fún ẹlòmíì láyè. Ìgbà tí mo bí ọmọbìnrin mi ni wọ́n ti Ṣakí wá bá wa ní Mafoluku, pé àwọn wá wẹ ọmọ. Ọmọ pé ọdún mẹ́fà, wọn ò tíì wẹ̀ ẹ́ tán.

Ìwẹ̀ kì í ṣe eré lọ́wọ́ Màámi. Wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á ki ọmọ sí àárín orúnkún wọn, wọ́n á ní "Bísímílááì," wọ́n á wá máa fi kànrìnkàn ha á láti ọrùn dé gìgísẹ̀ bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Omi yẹn á gbóná, wọ́n á tún ti kán oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn sí i. Bí wọ́n ṣe ń ha á ni wọ́n á máa kì í, oríkì ìdílé bàbá rẹ̀ látòkè délẹ̀, títí kan èyí tí ọkọ mi alára ò mọ̀. Ọmọ náà á dijú, á fi eyín tẹ ètè, kò ní sunkún. Mo rò pé ó ti mọ́ ọn lára ni. Tí mo bá ní, "Màámi, ẹ rọra," wọ́n á ní, "Ìyàwó mi, ọmọ tí wọn ò bá wẹ̀ dáadáa, tó bá dàgbà tí ara rẹ̀ ń rùn, ìyá rẹ̀ ni wọ́n á bú." Ta ló fẹ́ kí wọ́n bú òun?

Ọyẹ́ ni ọ̀tá wa. Lọ́dọọdún, tí afẹ́fẹ́ yẹn bá ti gbé eruku dé, kọ́lọ́fín ìgbọ̀nwọ́ ọmọ mi àti ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ á gbẹ, á pọ́n, á sì máa sán. Ọmọ náà á máa họ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ. Aládùúgbò kan ní làpálàpá ni, kí n fi imí-ọjọ́ pa á. Òmíì ní ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ ni. Màámi ní àfi ká túbọ̀ máa ha á. Lọ́dún tó kọjá, súwẹ́tà ló ń wọ̀ lọ sílé ìwé nínú oòrùn ganrínganrín kí wọ́n má baà rí apá rẹ̀. Ó sọ fún mi pé àwọn ẹgbẹ́ òun kì í fẹ́ di òun lọ́wọ́ mú tí wọ́n bá ń ṣeré. Mo wọ kíṣìnì lọ, mo sunkún tó tẹ́ mi lọ́rùn, mo nu ojú, mo gbé ìkòkò kaná.

Lọ́dún yìí mo ní ọyẹ́ kò ní bá wa lójú oorun. Òjò ò tíì dáwọ́ dúró tí mo fi gbé e lọ sí ọsibítù kan ní Ìsọlọ̀. Dókítà, obìnrin kan báyìí tí ohùn rẹ̀ tutù, ní ẹ̀kísímà ni. Kì í ranni, kì í sì í ṣe ìdọ̀tí. Ó ní awọ ara rẹ̀ ni kì í mú omi dúró. "Ẹ má dúró dìgbà tó bá yọ. Ìsinsìnyí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀." Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ìwẹ̀ tí kò pẹ́, ọṣẹ tí kò lóòórùn. Kí a gé èékánná rẹ̀. Kí a fi òrí tí wọn ò po lọ́fínńdà mọ́ pa á lára kí omi ìwẹ̀ tó gbẹ. Ó wá bi mí pé kànrìnkàn ńkọ́. Mo wolẹ̀. Ó ní, "Ẹ jù ú nù."

Jù ú nù kẹ̀! Ó rọrùn lẹ́nu rẹ̀. Ṣé òun ló máa lọ sọ ọ́ fún ìyá ọkọ mi?

Mo dé ilé, mo kúnlẹ̀, mo rọra là á fún wọn. Màámi gbọ́ ọ dópin. "Ṣé ọwọ́ mi ló ń bó ọmọ lára?"

"Rárá o, Màámi! Kànrìnkàn ni."

"Ta ló di kànrìnkàn mú?"

Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù, wọ́n ní iṣẹ́ tí àwọn wá ṣe ti tán. Mo ń bẹ̀bẹ̀, inú tún ń bí mi. Ọkọ mi ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni, òun ò sí níbẹ̀. Ọkùnrin!

Ibi tí a ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí ni ọmọ náà yọ sí wa, ó ró táwẹ́ẹ̀lì, ó kọjú sí ìyá bàbá rẹ̀. "Màámá, ẹ wá wẹ̀ mí."

Wọ́n wò mí. Mo gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kalẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ lásán wẹ̀ ẹ́ bí ẹni gbé ẹyin dání. Wọn ò ki oríkì rẹ̀.

Ọmọ gbójú sókè. "Màámá, kò ta mí lónìí."

"Ṣé ó máa ń ta ọ́ tẹ́lẹ̀ ni?"

"Ó máa ń ta mí gan-an."

"Yéè! Kí ló wá dé tí o kì í sọ?"

"Tí mo bá sọ, ẹ ò ní kì mí mọ́." Ó wo ojú wọn. "Ṣé ẹ rí i, ẹ ò kì mí lónìí."

Màámi fà á mọ́ àyà tòun ti omi lára, wọ́n sunkún. "Ta ló sọ fún ọ pé kànrìnkàn ló ń kì ọ́? Ẹnu mi ni, ọmọ mi. Ẹnu mi ni." Wọ́n wá kígbe sí mi pé, "Ìyàwó mi, òrí dà?"

Ọyẹ́ ti dé báyìí, ètè gbogbo wa ti sán. Apá ọmọ mi ṣì máa ń yún un díẹ̀díẹ̀, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ò yọ, súwẹ́tà sì wà nínú àpótí. Tí Màámi bá pa á lára tán, tí wọ́n ki oríkì rẹ̀ tán, tí wọ́n bá fẹ́ dìde, á tún na apá kan sí wọn. "Màámá, apá yìí ṣì gbẹ."

Irọ́ ni, apá náà ń dán. Màámi mọ̀. Wọ́n á tún bu òrí, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ oríkì náà láti ìbẹ̀rẹ̀.