Ọjọ́ Tí Gbogbo Ilé Fún Ajá Mi Lóúnjẹ

Orúkọ ajá mi, n kò ní kọ ọ́ síbí. Òwe ni mo fi sọ ọ́, bí a ti máa ń ṣe, ẹni tí mo sì fi òwe náà bá wí ṣì wà láàyè, ó ṣì ń gba iwájú ilé wa kọjá lọ sí ọjà. Ẹ jẹ́ kí n kàn máa pè é ní ajá mi. Abo ni, ó pupa rúsúrúsú, etí rẹ̀ kan dúró, èkejì sì dojú kọlẹ̀ bí ẹni pé kò sí nínú ọ̀rọ̀ tí à ń sọ.

Ọdún tí àbíkẹ́yìn mi lọ sí òkè òkun ni mo gbà á. Ọkọ mi ti ṣaláìsí ṣáájú ìgbà yẹn. Akọ̀wé ni mí ní yunifásítì. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni mò ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ títí ẹnu á fi ro mí, ṣùgbọ́n bí mo bá padà délé, ògiri ló kù tí mo lè bá sọ ọ́. Ajá yìí ló yí ìyẹn padà. Láti ìkóríta lọ́hùn-ún ló ti máa ń mọ̀ pé èmi ni ọ̀kadà gbé bọ̀, á sì ti máa jó kí n tó sọ̀ kalẹ̀. Inú mi máa ń dùn débi pé mo máa ń gbàgbé pé orúnkún ń dùn mí.

Wàhálà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni ọmọ bíbí. Ó bí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kíní. Gbogbo ilé ló wá kí mi kú ewu ọmọ, a rẹ́rìn-ín, obìnrin télọ̀ tó ń gbé yàrá iwájú tiẹ̀ bi mí pé ọjọ́ wo ni ìsọmọlórúkọ. Kí ọdún tó yí po, ó tún bí mẹ́jọ. Ẹnì kankan kò kí mi. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, tí mẹ́sàn-án jáde, mo rí i pé àwọn ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́ ti ń yà bàrá bí wọ́n bá rí mi lókèèrè, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọmọ ajá ni mo fẹ́ fi lọ̀ wọ́n. Àwọn àgbà tó sọ pé ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ, ó dá mi lójú pé abo ajá wà nílé wọn.

Kì í ṣe àwọn tí n kò rí ẹni gbà ló dùn mí jù. Lọ́jọ́ kan mò ń kọjá lọ ní Ẹnuwá, mo rí ajá kékeré kan tó ń tú ìdọ̀tí, gbogbo ìhà rẹ̀ ṣeé kà, èkúrú ti jẹ irun rẹ̀ tán. Etí rẹ̀ kan dúró, èkejì dojú kọlẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ajá mi ni, èyí tí mo fà lé ọkùnrin kan lọ́wọ́ tó búra fún mi pé òun á tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ. Mo pè é, ó ju ìrù lẹ́ẹ̀kan, ó sì sá wọ àárín ọkọ̀ lọ. Mo sunkún délé lọ́jọ́ náà. Mo sì bínú sí ara mi ju bí mo ṣe bínú sí ọkùnrin yẹn lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí onílé wa fi pè mí. Àlàájà ni, ìdílé rẹ̀ ti Ìwó wá, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Nítorí àwọn olè tó gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ló ṣe gbà kí n sin ajá, ó sì là á mọ́lẹ̀ fún mi pé ẹ̀yìnkùlé ni ààyè rẹ̀, kò gbọdọ̀ dé ibi omi àlùwàlá òun.

"Ìwọ obìnrin yìí," ó ní, "mo fara da ajá kan. N ò ní kí o sọ ilé mi di ọgbà ẹranko. Bí ajá yìí bá tún fi lóyún lẹ́ẹ̀kan sí i, wàá mú òun àti oyún rẹ̀ jáde níbí."

Mo mọ Àlàájà. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gbé ilé rẹ̀, kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kì í sì í yí i padà. Bí ajá mi bá tún lóyún, mo pàdánù rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ dókítà ẹran kan ni mo gbé ẹjọ́ mi lọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Mọ̀dákẹ́kẹ́, níbi tí àwọn olóko adìyẹ ti máa ń ra oògùn. Ó ní iṣẹ́ abẹ ni òpin ọ̀rọ̀ náà, pé wọ́n á yọ ilé ọmọ rẹ̀, kò ní bímọ mọ́, kò sì ní wá akọ mọ́. Àyà mi já nítorí owó. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ní Sátidé tó máa ń parí oṣù, òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun méjì tó ń ti Ìbàdàn wá máa ń ṣe é ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n ń tẹ akọ lọ́dàá, wọ́n sì ń gún gbogbo wọn ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi.

"Ìlú la ń ṣe é fún, Mà," ó ní. "Àwọn ajá tí kò nílé ti pọ̀ jù láàárín ìgboro, bí wọ́n ṣe ń jìyà ni wọ́n ń gé ọmọ ọlọ́mọ jẹ. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe. Láti aago mẹ́jọ alẹ́ tó ṣáájú, kò gbọdọ̀ jẹ nǹkan kan. Bí a bá fún un ní oògùn oorun tó bá bì, ó lè fún un lọ́rùn."

Àṣìṣe tèmi ni pé mo kéde rẹ̀. Nílé wa, ẹnikẹ́ni kì í yọ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, gbogbo ilé ló gbọ́dọ̀ gbọ́ kí wọ́n lè gbàdúrà. Mo pe gbogbo wọn jọ: Àlàájà, télọ̀, àti Bàbá tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Télọ̀ ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, Mọ́mì. Ẹ wá fẹ́ sọ ọmọlọ́mọ di àgàn."

Mo ní ẹni tó ti bí mẹ́tàlélógún ti rékọjá àgàn, ó ń fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni. Bàbá ní irú ìfẹ̀yìntì bẹ́ẹ̀ dára, ó sàn ju tòun lọ. Lẹ́yìn náà ni mo kìlọ̀ fún wọn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún un ní oúnjẹ. Gbogbo wọn ní ó ti yé àwọn. Ó ṣe tán, iṣẹ́ abẹ nìkan ni wọ́n gbọ́.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo wẹ̀, mo jáde, mo bá ajá mi lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé tó ń lá ẹnu. Mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà á. Mo tẹ́ ògbólógbòó ìró mi sínú takisí, a sì dé ọ̀dọ̀ dókítà.

"Kò jẹun láti àná, àbí, Mà?"

"Omi gan-an kò kan ẹnu rẹ̀," mo dáhùn. Mo tiẹ̀ búra sí i.

Ìbúra náà kò tíì tán lẹ́nu mi tí ajá fi bì. Àkàrà ló kọ́kọ́ jáde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tíì rún. Ẹ̀kọ tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ẹran màlúù, gìdìgbà mẹ́ta, ata díndín ṣì wà lára wọn. Dókítà wò mí, ó tún wo ilẹ̀.

"Mà," ó ní, "ajá yín ń jẹun jù mí lọ."

Ojú tì mí, ẹ̀rín sì ń pa mí. Ṣùgbọ́n nígbà tó yẹ̀ ẹ́ wò tán, ó ní ara rẹ̀ ti ń múra láti wá akọ, kò ní pé ọ̀sẹ̀ kan mọ́. Bí àsìkò náà bá dé, òun kò ní fẹ́ gé e nítorí ẹ̀jẹ̀, àfi kí ó tó oṣù méjì. Ẹ̀rín mi tán síbẹ̀. Oṣù méjì, pẹ̀lú gbogbo akọ ajá tó wà nínú Ifẹ̀.

Mo délé, mo pe gbogbo wọn jáde, mo sì sọ̀kò ọ̀rọ̀. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń bínú pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Télọ̀ ní àkàrà méjì péré ni. Bàbá tó fún un ní ẹ̀kọ kò tilẹ̀ bẹ̀bẹ̀.

"Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́," ó ní. "Ṣé inú òfìfo lẹ fẹ́ kó fi dojú kọ ọ̀bẹ ni?"

Mo béèrè ẹni tó ni ẹran. Oṣù ti ń parí lọ, owó ti tán lọ́wọ́ wa, ẹnì kan ṣoṣo nílé wa ló lè fi ẹran tó tóbi bẹ́ẹ̀ ṣe sàráà. Gbogbo wa yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan náà.

"Èmi ni," Àlàájà wí. "Mo kírun àsùbáà tán, mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí i tó jókòó. Mo ní bí kò bá padà wá ńkọ́? Mo jù ú sí i láti òkèèrè ni o, n ò fọwọ́ kàn án."

"Àlàájà, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ máa lé e jáde?"

"Lílé ni mo sọ. N ò sọ ikú."

Mo wọlé lọ jókòó.

Láti ọjọ́ náà ni ìtìjú ti sọ gbogbo wọn di ọlọ́dẹ. Àwọn akọ ajá bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ sẹ́nu géètì wa bí àwọn tó wá gba iṣẹ́: aláwọ̀ eérú, olójú kan, arọ, àti dúdú kan báyìí tó ga tó àgbò iléyá. Télọ̀ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ sẹ́nu géètì, ó ń ránṣọ, ó ń da omi lù wọ́n. Bàbá ń fi ọ̀pá rẹ̀ rìn yípo ògiri. Àlàájà fúnra rẹ̀ jókòó sójú fèrèsé, ó ń pariwo fún wọn ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Mo máa ń rántí wọn níbi iṣẹ́, ẹ̀rín á sì ta lẹ́nu mi níwájú ọ̀gá. N kò rò pé ilé wa ti ṣọ̀kan tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kan, dúdú fo ògiri. Gbogbo wọn sáré. Bàbá ní òun ti nà án jáde kó tó ṣe nǹkan kan. Télọ̀ ní òun kò lè búra. Láti ìgbà náà, bí Àlàájà bá ti jí láràárọ̀, ikùn ajá ló ń kọ́kọ́ wò. Èmi náà ń wò ó. A kì í sọ ohun tí a rí fún ara wa.

Oṣù méjì pé. Ní òwúrọ̀ Sátidé náà, Àlàájà ti gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá mi láti àsùbáà, tẹ̀súbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ti ilé ìdáná gbogbo wa pa, kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀. Télọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun kàn gbé omi tíì kaná.

"Lónìí," ó ní, "gbogbo ilé ló ń gbààwẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fi ebi sin ajá jáde. Bàbá tó ní ebi kì í wọnú dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fọwọ́ pa ikùn, ó ń kí wa pé ẹ ó bọ̀ láyọ̀.

Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta pẹ̀lú àwọn olóko adìyẹ. Mo gbàdúrà, mo kọrin, mo ka àwọn àpò oúnjẹ adìyẹ tó wà níwájú mi. Dókítà jáde, ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́.

"Ó ti parí, Mà. Kò sí nǹkan kan nínú ilé ọmọ rẹ̀. Òfìfo ni."

Mo dìde, mo jó. Orúnkún mi méjèèjì bá mi jó. Ọkùnrin tó ń ta ẹyin bi mí bóyá ọmọ mi ló yege ìdánwò, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, mò ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé ní ìrọ̀lẹ́, ajá mi sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú ojú abẹ rẹ̀ tó ti ń jinná. Mo gbọ́ tí ọkùnrin kan ń kí Àlàájà níwájú ilé. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé ayálégbé rẹ̀ kan ní ajá tó ń bímọ dáadáa, pé kí wọ́n bá òun fi méjì sílẹ̀ bó bá tún bí.

"Rárá o," Àlàájà dá a lóhùn. "Ajá wa ti ṣíwọ́ ọmọ bíbí. Ẹ gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ."

Mo dá ọwọ́ dúró nínú ọṣẹ. Láti ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń sanwó ilé fún obìnrin yìí, n kò gbọ́ kí ó pe ohunkóhun tó jẹ́ tèmi ní tiwa rí.