Ọjọ́ Tí Mo Ka Ọmọ Ọlọ́mọ

Ẹsẹ̀ ọmọ náà ti wú, irun orí rẹ̀ ti pọ́n bí irun àgbàdo. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti rí i, ní abà kan lẹ́yìn Ìjàyè, ní oṣù kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wẹ́lífíà. Ó yẹ kí n jókòó, kí n kí ìyá àgbà tó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Fọ́ọ̀mù ni mo fà yọ.

"Mà, ọmọ mélòó ló wà nínú ilé yìí?"

Ẹ̀gẹ́ ni ìyá àgbà ń bẹ lọ. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi bírò tọ́ka sí àwọn ọmọ náà: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta.

"Ṣé adìyẹ ni wọ́n ni, akọ̀wé?" Ìyá àgbà ní kí ìyàwó ilé gbé ọmọ wọlé. Ilẹ̀kùn pa dé.

Bó bá kú ńkọ́? Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bí mo ṣe ń fún ọmọ tèmi lọ́mú ni mo ń tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Kí n tó mọ ìwé rárá ni ìyá mi ti kọ́ mi pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ilé-ìwé girama ló gba ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, mo rò pé ọ̀gá mi obìnrin máa lé mi ni. Wọ́n fa àpótí ìjókòó fún mi. "Ìyá ìkókó, ìwọ ni ìyá àgbà. Èmi ni ìwọ." Wọ́n jáde, wọ́n tún wọlé, wọ́n na bírò sí mi. "Ọ̀kan!" Wọ́n nà án sí ike omi. "Èjì!" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe?" ni wọ́n bi mí.

"Kí ẹ jókòó, mà. Kí ẹ gbé ìwé yẹn pamọ́."

"O ṣáà mọ̀ ọ́n."

"Ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀, mà."

"N ó bá ọ lọ. N ò ní sọ̀rọ̀."

A padà sí abà náà, wọn ò sì sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Mo kúnlẹ̀, mo kí ìyá àgbà, mo mú ọ̀bẹ, mo ń bẹ ẹ̀gẹ́. Ọmọ ń ké nínú ilé. Ara mi ò balẹ̀. Bí mo bá wo ọ̀gá mi, igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Agbọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ kún kí ìyá àgbà tó lanu. "Akọ̀wé, ìwọ ńkọ́, ọmọ mélòó lo bí?"

"Ọlọ́run ló mọye wọn, mà."

"Hẹn-ẹn! Ó gbọ́n lónìí!" Wọ́n kígbe sínú ilé: "Ẹ gbé e jáde."

Ìyá ọmọ pọ̀n ọ́n, a forí lé ọ̀nà ọsibítù. A ti dé títì kí ọ̀gá mi tó bi mí pé, "Báwo lo ṣe máa wọ ilé kejì?"

"Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọmọ yìí tó wú kọ́kọ́ lọ sílẹ̀ ná, mà," ni mo wí, mo sì yára ẹsẹ̀ sí i.